Ẹ Jẹ́ Kí Oníkíróṣé Máa Jiyàn

Láàárín àwa tí à ń fi abẹ́rẹ́ kíróṣé ṣiṣẹ́, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀, tí gbogbo wa sì ń pa mọ́: má ta ko ẹnìkejì rẹ. Bí ẹnì kan bá gbé búláòsì jáde, tí apá kan gùn ju èkejì lọ, "Ó rẹwà gan-an" ni a ó sọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè bóyá ó dáa kí òun ta kókó síbi tí òwú ti pàdé òwú, ẹnì kan á ní ó dáa, ẹnì kan á ní kò dáa, kó sì tó di pé ọ̀rọ̀ gbóná, àǹtí kan á ti dá sí i: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ara yín jà. Kò sí èyí tí kò dáa níbẹ̀. Kí oníkálùkù ṣe bó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ á gba ilé lọ pẹ̀lú ìdáhùn méjì tó ń ta ko ara wọn, èyí tó bá sì yá jù lọ́wọ́ ni yóò mú.

Inú rere ló bí òfin yìí. Ẹni tó bá sẹ́ ìyẹn ń parọ́. Ọ̀pọ̀ wa ló kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lábẹ́ tíṣà tó lè tú iṣẹ́ ọmọ ká lójú gbogbo kíláàsì, tí yóò tún ní kó lọ kúnlẹ̀. Ẹni tó ti rí irú ìyẹn kò ní fẹ́ kí wọ́n tún fi ojú oníṣẹ́ ọwọ́ gbolẹ̀. Kíróṣé sì ni ibi tí ọ̀pọ̀ ń sá sí nígbà tí ilé bá gbóná, tí iṣẹ́ bá bọ́, tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀. Wọ́n ní kí á má gbé àríyànjiyàn dé irú ibi ìsinmi bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì ṣì ń sọ pé òfin náà kò dáa. Ó ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi owó òwú ṣòfò, ó ń lé oníbàárà sá, ó sì ń kọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ jù nínú wa láti pa ẹnu mọ́. Ohun tí mo fẹ́ ni kí á máa jiyàn ní gbangba, pẹ̀lú ẹ̀rín àti ọ̀wọ̀, kí á má sì tètè túká, títí a ó fi mọ èyí tó tọ́ níbi tí èyí tó tọ́ bá wà.

Níbi tó bá wà ni mo wí. Àwọn nǹkan kan wà tí kò sí ẹjọ́ nínú wọn. Ẹnì kan ń di abẹ́rẹ́ mú bí ẹni di bíró, ẹlòmíràn ń dì í mú bí ẹni fẹ́ fi ọ̀bẹ gé iṣu. Ojú ìhun tó jáde ni a ó wò, kì í ṣe ọwọ́. Ọlọ́wọ́ òsì kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àlàyé. Ẹni tó bá fẹ́ da àwọ̀ ewé mọ́ àwọ̀ osùn, kó dà á. Síbẹ̀, kódà níbí yìí, ẹni tó bá jiyàn lè jèrè. Oríṣi abẹ́rẹ́ méjì ló wọ́pọ̀: ọ̀kan wà tí orí rẹ̀ àti ara rẹ̀ ṣe déédéé, ọ̀kan sì wà tí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín lẹ́yìn ìkọ́. Mo mọ ẹni tí ojú ìhun rẹ̀ máa ń fún débi pé abẹ́rẹ́ kì í wọ̀ ọ́ mọ́, tó ti ń rò pé ọwọ́ òun ni kò dáa. Àwọn méjì tó ń jiyàn lórí irú abẹ́rẹ́ tó sàn ju èkejì lọ ló jẹ́ kó pààrọ̀ tirẹ̀. Ká ní àǹtí onílàjà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ì bá ṣì máa fa abẹ́rẹ́ tipátipá di òní.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ kókó tí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè. Ṣọ́ọ̀lù ọmọ ìkókó kì í jẹ bọ́ọ̀lù òwú kan ṣoṣo, nítorí náà ibi tí òwú ti pàdé òwú máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn kan á ta kókó kékeré síbẹ̀, wọ́n á gé ìrù òwú mọ́ ẹ̀bá kókó, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Àwọn mìíràn á fi ìrù sílẹ̀ tó tó 15 sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ olójú ńlá tì í wọ inú ojú ìhun lọ sí ọ̀tún, wọ́n á dá a padà sí òsì, wọ́n á tún yí i lẹ́ẹ̀kẹta kí wọ́n tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Ẹni tó ta kókó á sọ fún ọ pé tòun yá. Ó yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òwú tí ọ̀pọ̀ wa ń lò máa ń yọ̀, ìyá ọmọ sì ń fọ ṣọ́ọ̀lù náà léraléra, ó ń fún un, ó ń gbọ̀n ọ́n, ó ń sá a. Díẹ̀díẹ̀ ni kókó tí wọ́n gé mọ́ ẹ̀bá á máa tú. Kíróṣé kì í já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí níítìn ṣe ń ṣe. Ihò kékeré kan ni yóò kọ́kọ́ yọjú, lẹ́yìn náà ihò tí ìka ọmọ lè wọ̀, pẹ̀lú okùn òwú tó lè yí mọ́ ìka náà lóru tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èwo wá ni "kò sí èyí tí kò dáa níbẹ̀"?

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn alátakò mi ní ẹ̀rí tiwọn, èyí gan-an ló fà á tí mo fi ń fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Kókó kan wà tí wọ́n ń ta lọ́nà méjì kọjú síra wọn, tí wọ́n á wá fà á pọ̀ títí yóò fi dì. Nínú òwú tó ní irun lára, ó ń dì mú gan-an. Bí òwú náà bá sì jẹ́ irun àgùntàn gidi, kò tilẹ̀ nílò kókó rárá: a ó tú orí méjèèjì sílẹ̀, a ó fi itọ́ tàbí omi rin wọ́n, a ó gbé ọ̀kan lé èkejì, a ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ yí wọn kíkankíkan títí wọn yóò fi lẹ̀ di okùn kan. Gbé irú ẹ̀ ṣe pẹ̀lú akirílíìkì, kò ní lẹ̀ láéláé. Ẹni tó gbọ́ àríyànjiyàn yẹn dé òpin ti kọ́ ohun tó ju ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ lọ: ó ti mọ̀ pé òwú ló ń sọ irú ìsopọ̀ tó yẹ. Ẹni tí wọ́n ní kó ṣe bó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn kò kọ́ nǹkan kan.

Mo ti dárúkọ akirílíìkì, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn tí wọ́n máa ń yára pa jù lọ wà. Bí o bá wọ Balógun ní Èkó tàbí Gbági ní Ìbàdàn láti ra wúlù, akirílíìkì ni wọn yóò tà fún ọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ara àgùntàn kọ́ ló ti wá. Kẹ́míkà tí wọ́n ń rí lára epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ṣe irú rẹ̀ jáde ní 1941, nígbà tó sì di 1950 ó ti wà lórí àtẹ pẹ̀lú orúkọ Orlon. Ó gba ayé nítorí pé owó rẹ̀ kò ga, ó fúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ kì í tètè ṣí, kòkòrò kì í sì í jẹ ẹ́. Lónìí, apá kan nínú wa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹnikẹ́ni tó bá lò ó, wọ́n ní òwú tálákà ni, pé kọ́tìn tàbí irun àgùntàn nìkan ni ẹni tó mọ iṣẹ́ ń fọwọ́ kàn. Apá kejì ń bínú, wọ́n ní kí ẹni tó lówó kọ́tìn máa lọ ra kọ́tìn. Àwọn onílàjà ń sọ pé òwú ni gbogbo wọn.

Irọ́ ni. Wọn kì í ṣe ohun kan náà, ẹni tó bá sì sọ bẹ́ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ lè jẹ́ kí iná jó o. Mo ti rí aṣọ tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò, tí wọ́n fi akirílíìkì hun, onírúurú àwọ̀, ó lẹ́wà, gbogbo èèyàn sì ń kí ẹni tó hun ún. Akirílíìkì kì í jó di eérú bíi kọ́tìn. Ó ń yọ́ ni, ohun tó yọ́ náà á sì lẹ̀ mọ́ awọ ara. Obìnrin tó fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ gbé ìkòkò ọbẹ̀ kúrò lórí gáàsì yóò mọ̀ ọ́n lára kó tó rí i lójú. Nínú gbogbo àwọn tó kí i, ó dá mi lójú pé ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀. Kò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ni.

Ayọ́n tó gbóná náà ń pa á. Aṣọ akirílíìkì tí wọ́n bá lọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan á rọ̀, á máa dán, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́. Àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí aṣọ náà lè rọ̀ wálẹ̀ lára, ọgbọ́n gidi sì ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣe é mọ̀ pé kò sí àtúnṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ní ti ooru, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wọ búláòsì akirílíìkì nínú bọ́ọ̀sì láti Ọ̀ṣòdì lọ sí Ìkòròdú ní oṣù Kẹta, kó wá sọ fún mi pé òwú ni gbogbo wọn. Kì í fa òógùn mu. Òógùn náà á dúró sí àárín aṣọ àti ẹ̀yìn rẹ ni. Ọ̀rọ̀ omi ìfọṣọ tún wà níbẹ̀. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé bí a bá fi ẹ̀rọ fọ aṣọ akirílíìkì tó wọ̀n 6 kìlógíráàmù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fọ́nrán tó lé ní 700,000 lè bá omi lọ. Fọ́nrán ike ni wọ́n, wọn kì í jẹrà.

Ṣé mo wá fara mọ́ àwọn tó ń pè é ní òwú tálákà? Rárá. Kọ́tìn wúwo; gáùn gígùn tí wọ́n fi kọ́tìn hun á máa fa ara rẹ̀ wálẹ̀ lójoojúmọ́ tí o bá wọ̀ ọ́, tí èyí tó dé kókósẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ á fi máa gbálẹ̀. Bó bá rin, ó tún wúwo sí i, ó sì ń pẹ́ kó tó gbẹ. Irun àgùntàn ní tirẹ̀ á sún kì bí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ kò bá mọ̀ ọ́n fọ̀. Ìyá tó ń fọ fìlà ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kò nílò irú ìyọnu yẹn. Ìdájọ́ tèmi ni pé fún fìlà àti ṣọ́ọ̀lù ọmọ ní àkókò ọyẹ́, akirílíìkì dára, kí ẹnikẹ́ni má sì tijú pé òun lò ó. Fún aṣọ tí àgbàlagbà yóò wọ̀ sára nínú ooru wa, kọ́tìn ni. Fún ohunkóhun tí yóò kan ìkòkò gbígbóná, kọ́tìn nìkan, kò sí àfikún. Ẹni tí kò bá gbà, kó bọ́ síta kó sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó má sọ fún mi pé kí oníkálùkù ṣe tirẹ̀.

Àríyànjiyàn kan wà tí ì bá máa dùn mọ́ wa bí a bá jẹ́ kó wáyé. Màmá tó kọ́ kíróṣé nílé ìwé àwọn míṣọ́nnárì, lábẹ́ ètò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àti ọmọbìnrin tó kọ́ ọ lórí YouTube lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, máa ń jókòó ti pátánì kan náà, tí iṣẹ́ wọn ò sì ní jọra. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè, ṣùgbọ́n ojú ìhun tí ará Amẹ́ríkà fi orúkọ náà pè ga ju èyí tí ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi pè lọ. "Màmá, tiyín kúrú." "Tìrẹ ló gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ọmọ mi." Bí wọ́n bá fi ẹ̀rín tì í síbẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀, gáùn tí màmá bá fi pátánì Amẹ́ríkà hun yóò dúró sókè orúnkún. Bí wọ́n bá jiyàn, tí àwọn méjèèjì hun ìlà mẹ́wàá tí wọ́n sì fi rúlà wọ̀n ọ́n, kò ní gbà ju ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn méjèèjì ló tọ̀nà, pé ìwé tí wọ́n ń kà ni kò sọ orílẹ̀-èdè tó ti wá.

Wàyí o, owó. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ní kí á má jiyàn lé lórí, èyí ló ń dùn mí jù. Bí ẹnì kan bá ní òun ta gáùn kíróṣé ní iye báyìí, tí ẹlòmíràn sì ní owó náà kéré jù, wọ́n á ní ó ń jowú, tàbí pé owó ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwùjọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní òwú tí o fi hun gáùn náà ná ọ ní ₦12,000, o fi 40 wákàtí hun ún, o wá tà á ní ₦20,000. ₦8,000 ló kù sí ọ lọ́wọ́. Pín in sí 40: ₦200 ni wákàtí kan. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà là kalẹ̀ láti 2024 jẹ́ ₦70,000. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ 40 wákàtí lọ́sẹ̀, ìyẹn lé díẹ̀ ní ₦400 fún wákàtí kan. Ìdajì owó tó kéré jù lọ lórílẹ̀-èdè yìí ni oníṣẹ́ ọwọ́ yìí gbà, láì tíì ka owó ọkọ̀ tó fi lọ ra òwú, láì tíì ka iná tó fi ríran lóru, láì tíì ka ọrùn tó ń ro ó.

Wọ́n á ní ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ kì í ka wákàtí. Ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹ̀bùn, kó má ka wákàtí. Ṣùgbọ́n ọjà ni ọjà. Bí obìnrin kan tó ní owó oṣù níbòmíràn bá ń ta gáùn ní ₦20,000 nítorí pé ìgbádùn ni fún un, oníbàárà yóò mú iye yẹn lọ bá opó tó ń fi kíróṣé bọ́ ọmọ mẹ́ta, yóò sì bi í léèrè ìdí tí tirẹ̀ fi wọ́n. Àwọn méjèèjì lè wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, kí wọ́n máa kí ara wọn "ó rẹwà" láti òwúrọ̀ dálẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n jiyàn. Mo fẹ́ kí opó yẹn lè sọ lójú gbogbo wa pé, "Àǹtí mi, ẹ má bínú, iye tí ẹ ń tà á ń pa mí lára," kí àǹtí náà sì lè dá a lóhùn pé òun kò mọ̀, tàbí pé oníbàárà kò lówó lọ́wọ́. Ìyẹn náà ní òtítọ́ tirẹ̀. A lè hun ohun tí kò gba òwú púpọ̀. A lè kọ iye wákàtí mọ́ ara aṣọ kí oníbàárà rí i. Àwọn àbá bẹ́ẹ̀ kì í jáde láti inú ìdákẹ́jẹ́.

Ẹ má gbàgbé pé ẹ̀rọ kò tíì gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wa. William Lee ti ṣe ẹ̀rọ níítìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1589, ṣùgbọ́n di òní yìí, ẹ̀rọ tó ń hun kíróṣé gidi fún ọjà kò sí. Àwọn ẹ̀rọ kan ń ṣe ohun tó jọ ọ́. Bí o bá yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, wàá rí i pé irú níítìn kan ni. Nínú kíróṣé, ojú ìhun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọ inú ojú ìhun tó ti parí, láti ìhà èyíkéyìí, ìka àti ojú ló sì ń wá ihò náà. Nítorí náà, gbogbo kíróṣé gidi tó wà ní ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí láyé, ọwọ́ èèyàn ló hun ún. Bí wọ́n bá ń tà á ní owó pọ́ọ́kú, ẹnì kan wà níbì kan tí wọn ò sanwó fún dáadáa. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ní kí á má sọ èyí, pé ó ń ba ìgbádùn ẹni tó ra aṣọ jẹ́.

Kíróṣé ti bọ́ èèyàn rí nígbà tí ebi fẹ́ pa wọ́n kú. Nígbà tí ànàmọ́ jẹrà ní ilẹ̀ Ireland láti 1845, tí ebi ń pa ará ìlú, Cassandra Hand, ìyàwó àlùfáà ìlú Clones, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí wọ́n kọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ ní kíróṣé ní 1847. Àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn pẹ̀lú ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níbòmíràn. Oníkálùkù mú òdòdó tirẹ̀ tàbí ewé tirẹ̀, ẹlòmíràn á sì so wọ́n pọ̀ di kọ́là àti gáùn tí wọ́n ń tà dé Lọ́ńdọ̀nù àti Paris. Ẹ rò ó wò: bí òdòdó obìnrin kan bá tóbi ju ti obìnrin kejì lọ, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ so wọ́n pọ̀? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti sọ fún ẹnì kan pé èyí kò dọ́gba, lọ tú u. Owó oúnjẹ ọmọ wọn ló wà nínú rẹ̀, wọn ò sì láǹfààní láti máa fi "ó rẹwà" tan ara wọn.

N kò sọ pé ẹni tó ń báni wí ló máa ń jàre. Nígbà mìíràn, ẹni tó rú òfin ni iṣẹ́ gbè. Ní 1997, Daina Taimina, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Latvia tó wà ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, rí pépà tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ irú ojú kan tó ń fẹ̀ sí i níbi gbogbo bó ṣe ń jìnnà sí àárín, tí etí rẹ̀ fi ń ká wọ inú ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é kí ó dára kí ó sì pẹ́. Pépà yẹn máa ń ya. Taimina kò gbà. Ó gbìyànjú níítìn, ojú ìhun pọ̀ jù lórí abẹ́rẹ́. Ó wá mú kíróṣé, tí ojú ìhun kan ṣoṣo ń wà lórí abẹ́rẹ́ rẹ̀ nígbàkígbà, ó ń fi ọ̀kan kún un lẹ́yìn iye kan náà, ohun tí wọ́n ń wá sì dé sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tó di 2005, Margaret àti Christine Wertheim, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ọmọ Australia tó ń gbé Los Angeles, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀nà yẹn hun iyùn inú òkun. Wọ́n rí i pé bí àwọn bá tẹ̀ lé ìṣirò náà láì yà, iṣẹ́ á gún ju ti òkun lọ. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún un bó ṣe wù wọ́n ló tó dà bí ohun tó ní ẹ̀mí. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ pé kò pọn dandan láti tẹ̀ lé pátánì ní ẹ̀rí gidi lọ́wọ́. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kí èmi náà sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó lè gbé e wá fún ihò apá búláòsì, níbi tí ojú ìhun méjì tó lé lè sọ ọ́ di ohun tí kò ṣeé wọ̀.

Àtakò tó lágbára jù sí èmi ni ti àwọn tó ń sọ pé àríyànjiyàn kì í pẹ́ di èébú láàárín wa. Òtítọ́ ni. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ kiri, ẹni náà kò sì mú abẹ́rẹ́ mọ́. Ìwà ìkà nìyẹn, a kò sì gbọ́dọ̀ pè é ní àríyànjiyàn. Ẹni tó hun sìkáàfù àkọ́kọ́ rẹ̀ tó wá fi hàn wá, ẹ bá a jó; etí rẹ̀ tó wọ́ yóò gún bó pẹ́ bó yá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á, tàbí tó ń gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ti kúrò ní ipò yẹn. Iṣẹ́ ló yẹ ká tọ́ka sí, kì í ṣe oníṣẹ́. Ká mú abẹ́rẹ́ ká fi ohun tí à ń sọ hàn lójú ẹsẹ̀. Ká sì bá àgbà sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n fi òmíràn hàn yín" kò tíì fọ́ ẹgbẹ́ kankan. Àgbà tí wọ́n bá sì sọ bẹ́ẹ̀ fún, tó fajú ro, ló ń ba ẹgbẹ́ jẹ́, kì í ṣe ọmọ tó sọ̀rọ̀. Ohun tó ń fọ́ ẹgbẹ́ wa gan-an ni èyí tí à ń sọ lẹ́yìn ara wa lẹ́yìn tí a bá ti kí ara wa tán.

Mo ti sọ tèmi lórí òwú, mo sì mọ̀ pé inú ọ̀pọ̀ kò dùn sí i. Ẹni tó bá rò pé mo ṣì í, kó hun onígun mẹ́rin méjì, akirílíìkì kan, kọ́tìn kan, abẹ́rẹ́ kan náà, iye ojú ìhun kan náà. Kó fi rúlà wọ̀n wọ́n, kó fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó sá wọn sóòrùn, kó tún wọn wọ̀n. Kó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọrùn fún wákàtí kan ní ọ̀sán gangan. Kó wá gbé méjèèjì wá sí àárín wa, kó sì sọ ohun tó rí, bó tilẹ̀ ta ko tèmi. Èmi náà yóò gbé méjì tèmi wá.